Olórin Tó Ń Tu Àlejò Nínú

Ọkùnrin kan wà ní Ọ̀fà tó máa ń jókòó síwájú ibùdókọ̀ ojú irin, tí á gbé agídìgbo lé itan, tí á máa ta á, tí á sì máa kọrin. Ìrora ọkàn àti ìrètí ni orin rẹ̀ dá lé. Á ní, "Ẹ má bá ẹkún jà, ẹ jẹ́ ó ṣàn, ojú tó sunkún lónìí náà ni yóò rí ayọ̀." Obìnrin tí ọkọ lé jáde á sọ ẹrù kalẹ̀, á gbọ́ ọ, á nu omijé nù. Bàbá tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀ á dì mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Nígbà tó yá, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n yìí bí kú. Ẹ̀gbọ́n náà ń dáná, ó ń gbálẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ ni olórin ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá délé, òun á jókòó tì í. Bó bá sì délé, á ti rẹ̀ ẹ́, á sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orin wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín èrò, ó gbé àpò kékeré kan dání.

"Àkàngbé, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n parí èyí ná. Ṣé ẹ ò rí bí àwọn èèyàn ṣe ń sunkún ni?"

"Mo rí wọn."

Ó kọ ọ́ parí. Wọ́n ní kó tún un kọ, ó tún un kọ. Ìgbà tó máa wẹ̀yìn, ọkọ̀ ojú irin ti gbéra, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá a lọ.

Ọdún mẹ́ta ló fi wá a. Ní Kàdúná ni obìnrin onílé kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ti sọ fún un pé ibà ti pa á. Ó béèrè bóyá ó fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún òun.

Onílé ní, "Kò bínú sí yín o. Ó ní gbogbo ayé ló ń fẹ́ yín."

Olórin jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, kò sí ìjà tí wọ́n ń parí ládùúgbò yìí tí wọn kì í pè ọ́ sí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kí ìyàwó rẹ bí mo ṣe ń wọlé. Ó dá mi lóhùn, kò gbójú sókè. Má tíì fèsì fún mi. Dìde, lọ bá a nílé ìdáná.