Ayaba Onírùngbọ̀n

Olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó káàdì ayò jọ ní Ìkìrun, Màmá Oyèbísí nìkan ló ní ayaba tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣèèṣì fi irùngbọ̀n ọba sí lágbọ̀n. Láníyọnu jí i nípàdé. Ó ń wù ú kó fi yangàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi hàn nílùú. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ará Ìwó. Wọ́n pàtẹ́wọ́, orí rẹ̀ wú.

Alága ní, "Ẹ jẹ́ kí àlejò wa pàtàkì náà wò ó."

Láníyọnu gbójú sókè, Màmá Oyèbísí ló rí. Ìyá náà gba káàdì, ó rọra fi í sínú àpamọ́wọ́.

"Láníyọnu, o kú ìtọ́jú rẹ̀."