Ilé Tí A Kọ Sílẹ̀

Ọkùnrin kan ń gbé ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, ilé bàbá rẹ̀ sì ni gbogbo ayé rẹ̀. Alága, jókòó dáadáa kí o gbọ́. Ìtàn yìí ti ń gbóná lẹ́nu mi láti àárọ̀. Bí n kò bá sọ ọ́ fún ọ lónìí, oorun kò ní kùn mí.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà, amọ̀ ni wọ́n sì fi mọ ọ́n. Àwọn bírìkìlà Àgùdà, àwọn tí bàbá wọn ti oko ẹrú òkè òkun padà wá, ni wọ́n bá bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Wọ́n mọ òdòdó sórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, òdòdó tó yọ jáde lára ògiri bí ẹni pé o lè já a. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Ilé Olódòdó. Ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru kò mọ ọ̀nà àtiwọlé. Ìyá ọkùnrin náà, tó ti darúgbó gan-an, ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Inú yàrá yẹn ni wọ́n mú un wá nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ ló sì fẹ́ kú sí.

Nígbà tí bàbá ọkùnrin náà ń kú lọ, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Má jẹ́ kí ilé yìí wó." Ọmọ náà jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó sì pa á mọ́. Kí òjò tó dé lọ́dọọdún, òun fúnra rẹ̀ ni í po amọ̀ tí í dí ibi tó bá sán. Bí ewúrẹ́ kan bá fara ha ògiri ilé náà, yóò lé e títí dé ilé olówó rẹ̀, yóò sì bá olówó rẹ̀ jà pẹ̀lú.

Ohun kan ló ń bà á lẹ́rù láyé, ọ̀dà pupa ni. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ títì gba àdúgbò náà kọjá pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ilé tí wọ́n bá fi ọ̀dà náà fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí lára, ilé náà kì í rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú ọkùnrin yìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe jókòó sórí òkìtì amọ̀ tó jẹ́ ilé bàbá tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí ẹni tó gbé agolo ọ̀dà, àyà rẹ̀ a já.

Ó wá di ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Ìjọba ní ilé iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá: ilé àtijọ́, odi ìlú àtijọ́, ibi tí àwọn baba ńlá wa ti rọ irin, ibi tí wọ́n ti fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá bí ẹní. Iṣẹ́ wọn ni láti wá irú ibẹ̀ rí kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Ohun tó bá ti wọ inú ìwé yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o, àní ìjọba fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ wó o. Ẹni tó ni ín ló ṣì ni ín. Alága, ṣé o gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ni ín ló ṣì ni ín!

Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, ọ̀dọ́ ni. Ọ̀dà pupa ni wọ́n gbé dání láti fi ṣe àmì, nítorí òun ni ilé ìkẹ́rùsí ìjọba rí fún wọn. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó kí ọkùnrin náà. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ti pẹ́ tó ti ń gbúròó Ilé Olódòdó, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára àwọn òdòdó yẹn. Ayọ̀ náà ni kò jẹ́ kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká kọ ilé yìí sílẹ̀."

Ha! Ìwọ náà gbọ́ ọ. Èdè wa dùn, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀fìn nínú. À ń kọ orúkọ sílẹ̀, à ń kọ ìyàwó sílẹ̀, bákan náà ló ṣe ń dún létí. Ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ kò fẹ́ gbàgbé. Ẹni tó kọ ìyàwó sílẹ̀ kò fẹ́ rántí. Bíírò wà lọ́wọ́ obìnrin yìí bó ti ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá wo bíírò náà ì bá ti mọ èyí tó ń wí. Ṣùgbọ́n agolo ọ̀dà ni ọkùnrin wa ń wò.

Ó fò dìde. "Kí n kọ ilé bàbá mi sílẹ̀? Ìyàwó ni mo kọ sílẹ̀ rí, kì í ṣe ilé bàbá mi! Ẹ jáde!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé..."

Kò jẹ́. Ó fa ọ̀pá yọ, ó lé wọn dé ìkóríta. Ó padà wálé, ó ń mí hẹlẹ, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ti pa ẹ̀jẹ́ òun mọ́.

Opó kan ń gbé ní òdìkejì títì. Àwọn Àgùdà kan náà ló kọ́ ilé tirẹ̀, àfi pé ó kéré. Nígbà tó ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ náà yọ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá, wọ́n sọ gbólóhùn kan náà fún un. Àyà òun náà já. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé bí a ṣe ń kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ fẹ́ kọ ọ́ ni, àbí bí a ṣe ń kọ ìyàwó sílẹ̀?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ti orúkọ ni, Màmá! Ti orúkọ ni!" Opó náà tẹ̀ka sí ìwé. Wọ́n fa òbìrí pupa kan, ìlà roboto, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ọkùnrin wa rí ọ̀dà pupa náà láti òkèèrè, àánú opó ṣe é. Ó sọdá. Ó ní kó má sunkún, bí wọ́n bá wó ilé náà tán, yàrá kan wà lókè lọ́dọ̀ òun. Opó gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ọkùnrin wa ní wọ́n ti tàn án jẹ. Ó ní, "Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá."

Opó ní, "Baálé, ekòló yẹn gan-an ni mò ń fi hàn yín." Kò gbọ́, ó ti ń sọdá padà.

Kò pẹ́ tí rédíò fi kéde pé wọ́n fẹ́ mú títì náà fẹ̀ sí i. Rédíò ní ilé tó bá ní àmì... Ibi tí ọkùnrin wa gbọ́ dé nìyẹn, ó pa rédíò náà. Ó rò pé òun mọ ìyókù. Ìyókù sì ni pé ilé tó bá ní àmì ni wọn yóò yà sílẹ̀, wọn yóò sì wó èyí tí kò ní.

Katakata dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ilẹ̀ ń mì, ewúrẹ́ ń sá. Ó dé iwájú ilé opó, awakọ̀ rí òbìrí pupa, ó sì yà fún ilé kékeré náà bí ẹni tó yà fún àgbà lójú ọ̀nà. Ọkùnrin wa la ẹnu, kò lè pa á dé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yẹn yí ojú padà, ó dojú kọ Ilé Olódòdó.

Ó sáré bọ́ síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ pariwo láti òkè pé, "Bàbá, àmì dà?" Kò sí àmì. Ó ní kó kúrò lọ́nà, ó gbé apá irin náà sókè, ó fi kan igun òkè ilé. Igun náà wó wálẹ̀, òdòdó kan bá a wá, ó fọ́ túútúú síwájú ẹsẹ̀ ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún bàbá rẹ̀. Alága, àyà mi ń já bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Opó kígbe láti òdìkejì, "Baálé, ẹkún kọ́ o! Ẹ sáré lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn!"

"Ta ni yóò dá eléyìí dúró títí n ó fi dé?"

Ta ni ì bá ṣe bí kò ṣe ìyá rẹ̀! Ìyá arúgbó náà jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó. Kò bá awakọ̀ jà. Kò ṣépè. Ó gbé ojú sókè wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, o ti jẹun?"

Láti ìdájí ni awakọ̀ náà ti wà lórí katakata, kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ó ní, "Rárá, Màmá."

"Sọ̀kalẹ̀ wá."

Ó pa ẹ̀rọ, ó sọ̀kalẹ̀. Ìyá bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó kó àkàrà tì í. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ tí wọ́n bí ire kì í jẹun nínú ilé kan kó dìde láti ìdí abọ́ lọ wó o. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀kọ bá ṣì wà nínú abọ́, ilé ń bẹ. Bí abọ́ náà bá sì ti fẹ́ gbẹ, ìyá á bù sí i.

Ọ̀kadà ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Kò dé fìlà, ẹsẹ̀ bàtà kan ló wọ̀. Ó já wọ ọ́fíìsì náà, ó ń pariwo, "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá bá mi kọ ilé bàbá mi sílẹ̀!" Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yíjú padà. Bàbá àgbàlagbà kan mi orí, ó ní irú ọmọ wo lèyí.

Ọ̀dọ́bìnrin ọjọ́sí ló wà nídìí tábìlì. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Bàbá, ọ̀pá yín dà?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, níwájú ẹni tó lè bí lọ́mọ. Ojú ti ọ̀dọ́bìnrin náà, òun náà kúnlẹ̀ ní kíá. Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá. A ti ya ilé yín ní fọ́tò láti ìta, a ti kọ ìtàn rẹ̀. Ìka yín nìkan ló kù. A kì í kọ ohun olóhun sílẹ̀ láìjẹ́ pé olóhun fẹ́." Ọkùnrin wa tẹ̀ka tagbáratagbára, yíǹkì ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Àwọn mẹ́ta wá fún ara wọn mọ́ orí ọ̀kadà kan: ọlọ́kadà níwájú, ọ̀dọ́bìnrin láàárín, ọkùnrin wa lẹ́yìn, tó gbá agolo ọ̀dà pupa mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Nígbà tí wọ́n dé, awakọ̀ ń fi ìka nu abọ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà fò bọ́ sílẹ̀, ó fa òbìrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà dúró tì í, ó ń jó lójú kan, ó ń kígbe, "Ẹ jẹ́ kó tóbi! Ẹ jẹ́ kó tóbi sí i!" Awakọ̀ wo àmì náà, ó nu ẹnu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, ó sì yí katakata rẹ̀ padà. Gbogbo àdúgbò hó yèè. Ìyá ní kí awakọ̀ náà yà lọ́la, òun yóò se ẹ̀wà.

Àwọn bírìkìlà tí ilé iṣẹ́ náà rán wá tún igun yẹn mọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣì mọ irú òdòdó bẹ́ẹ̀ í mọ, ibẹ̀ sì wà ní pẹrẹsẹ títí di òní. Àwọn èèyàn á ní òdòdó kan ṣoṣo ni. Bí ọkùnrin náà bá ń kọjá níbẹ̀, kì í gbé ojú sókè.

Alága, ìwọ ni mò ń bá wí. Láàárọ̀ yìí, àwọn àlejò wá sí ilé ìsìn wa, ilé amọ̀ tí àwọn baba wa fi ọwọ́ ara wọn mọ kí èmi tó dáyé. Wọ́n ní kí o jẹ́ káwọn kọ ọ́ sílẹ̀. O lé wọn jáde, o ní wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ ìjọ. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò sọ pé o kò fẹ́ràn ilé náà. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀, ìwọ lo ru páànù lórí nínú òjò, ẹkún ayọ̀ ni mo sun lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó fẹ́ jẹ́. Títì ń bọ̀ lọ́nà ibí náà. Bí katakata bá dé, ta ni yóò fi ẹ̀kọ dá a dúró fún wa? Àwọn ìyá ìjọ wa? Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Kí wọ́n tó dá iná, òrùlé á ti wà nílẹ̀.

Wá wo ojú fèrèsé yìí. Ọlọ́run ṣàánú rẹ, táyà ọkọ̀ àwọn àlejò yẹn jò ní ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn nìyẹn, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó di àmọ́dún kí wọ́n tó tún gba ọ̀nà yìí. Mo mọ̀ pé àgbà ìjọ kì í sáré lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Háà, wọ́n ti ń gbé jáàkì wọlé. Alága, sáré!