Yèrèpè Inú Jẹ́sì Náńbà Náìnì

Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ojú mi yìí ló ṣe.

Ó ku ọ̀la kí ìdíje kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀, àwọn àlejò láti kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù ìdánrawò. Dáúdà, kápútẹ́ẹ̀nì wa, yọ́ wọ yàrá wọn, ó gbọn yèrèpè sínú jẹ́sì náńbà náìnì, torí ẹni tó ni ín ju góòlù mẹ́ta sáwọ̀n wa léṣìí.

Àṣé jẹ́sì nìkan ló wá, ọkùnrin náà ò wá! Kọ́ọ̀ṣì wa bá yá wọn Sùbérù kí wọ́n lè pé, àbúrò Dáúdà, tí a gbẹ́kẹ̀ lé fún góòlù lọ́la, wọ́n sì wọ jẹ́sì náńbà náìnì fún un.

Hà! Kò pẹ́ tí Sùbérù fa jẹ́sì ya, ara rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Ọ̀dọ̀ Dáúdà gan-an lọmọ sáré lọ:

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi họ ẹ̀yìn!”