Akéde Tó Bá Fóònù Sáré

Ọkùnrin kan wà tó ń ka ìkéde òkú lórí rédíò ìlú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe é. Bí wọ́n bá mú ìwé ìkéde wá, kì í kà á títí yóò fi fẹnu ara rẹ̀ bi àkọ́bí olóògbé àti ẹnì kan mìíràn nínú ẹbí. Nítorí náà, bó bá ti ní lágbájá kú, àwọn ará ìlú á dìde, wọ́n á lọ kí ilé náà.

Nígbà tó yá, fóònù dé. Kí ẹbí tó wọkọ̀ dé ilé iṣẹ́ rédíò, àwòrán olóògbé á ti kárí ìlú. Ìwé ìkéde wá dín kù. Ọ̀gá rẹ̀ ní bó bá rí báyìí lọ, orin làwọn yóò fi rọ́pò ètò náà. Ó dùn ún wọra. Ó pinnu pé òun náà yóò máa yára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i lórí fóònù pé baálé agboolé kan ti jáde láyé. Kò bi àkọ́bí, kò bi ẹnikẹ́ni, ó kà á. Bàbá náà ń mu ògì lọ́wọ́, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fetí ara rẹ̀ gbọ́ ikú ara rẹ̀. Kó tó mu ògì tán, àwọn àna rẹ̀ ti dé tẹkúntẹkún.

Bàbá gbéra, ó di ilé iṣẹ́ rédíò. Akéde dọ̀bálẹ̀, ó rò pé èébú ló kàn. Bàbá ní kó dìde.

“Fóònù ti pa mí lẹ́ẹ̀mejì rí, ẹ̀rín ni mo rín,” ni bàbá wí. “Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, ọmọ mi, mo fọwọ́ kan àyà mi wò bóyá ó ṣì ń lù.”

Ojú ti akéde, síbẹ̀ ara rẹ̀ yá gágá. Ó tọrọ àforíjì lórí afẹ́fẹ́, ó sì padà sí bíbéèrè. Bó bá ti kà á tán báyìí, òun náà á gbé e sórí fóònù. Ètò rẹ̀ ṣì wà. Àwọn tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síra wọn ló ń bi ara wọn bóyá akéde ti kà á.

Ìwọ tí ò ń kanra pé ẹni tó yára jù ọ́ ti kó oníbàárà rẹ lọ, lo fóònù tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má bá a sáré. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà ọ́ gbọ́ ni kó o dì mú. Ọjọ́ tó o bá jù ú nù kó o lè yára, alààyè lo máa sin.