Ìdí Tí Ipa Ìgbín Fi Ń Dán

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ń fà bọ̀, ó ń fà bọ̀, ó dá lórí Ìgbín, ó dá lórí ìyá rẹ̀, ó dá lórí Òòrẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, ó sì dá lórí Alántakùn tí ń ṣe ojú lóge fún ẹranko inú igbó.

Nígbà náà, Ìgbín kì í dán. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ. Ó kọjá, ilẹ̀ ò mọ̀. Àwọn ènìyàn ń gbé agbọ̀n wọ igbó, wọ́n ń wá a, wọn ò rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ṣán igbó bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí Ìgbín àti ìyá rẹ̀ lè sá pamọ́ sí ti ń tán lọ.

Òòrẹ̀ wá ní òun fẹ́ fẹ́ Ìgbín. Inú ihò àpáta ni Òòrẹ̀ ń gbé, kò sí ènìyàn tó jẹ́ ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ó ní bí Ìgbín bá ti wọlé òun, kí ìyá rẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé ẹ̀mí ìyá arúgbó wà nínú ìgbéyàwó yìí.

Kí ni Ìgbín ń rò? Ojú rẹ̀ ló ń rò. Ó ní ojú òun ṣú, òun ò lè gbé irú ojú báyìí wọlé ọkọ. Ọkọ ò ráhùn o. Òòrẹ̀ tí ojú tirẹ̀ gan-an ò ṣe é wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ló kàn án nínú ojú dídán?

Ìgbín gba ilé Alántakùn lọ. Alántakùn lọ òkúta tó ń kọ yẹ̀rì, ó pò ó mọ́ òrí, ó kó o sínú igbá.

Ó ní, “Fi ìka tọ́ ọ díẹ̀ sí orí ẹ̀rẹ̀kẹ́, díẹ̀ sí orí imú, díẹ̀ sí òkè ètè. Ó parí. Wàá máa dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ jáde.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Ìgbín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà? Ìka wo ló fẹ́ fi tọ́ ọ? Alántakùn ò bi í, Ìgbín náà ò bi ara rẹ̀. Nígbà tó wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì, ó ri gbogbo orí bọ igbá. Ó wo ojú rẹ̀ nínú omi, ó ní kò tíì tó. Ó tún rì í. Ó ní ó ku díẹ̀. Ó rì í lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọrùn àti àyà kún un. Igbá gbẹ.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ẹ mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó ń relé ọkọ. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí oòrùn rọ̀.

Ó ní, “Ìyá mi, ẹ fi mí sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ta ni yóò rí bí mo ṣe ń dán?”

Ó bọ́ sọ́nà ní ọ̀sán gangan, ó ń kọrin:

Ẹ wá wojú ìyàwó o,
Ó ń dán, ó ń dán.
Ẹ pe ará ilé, ẹ pe ará oko,
Ó ń dán, ó ń dán.

Oòrùn mú. Òrí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó ṣàn kúrò lójú, ó ṣàn gba ọrùn, ó ṣàn gba àyà, ó dé abẹ́ ikùn. Abẹ́ ikùn yẹn náà sì ni ẹsẹ̀ Ìgbín. Akèré pàdé rẹ̀, ó ní nǹkan ń kán lójú rẹ̀. Ìgbín ní owú ló ń jẹ Akèré. Òmùgọ̀ ń kọrin lọ.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ. Ìyá Òòrẹ̀ bu omi wá láti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó, nítorí ìyàwó kì í gbé eruku ọ̀nà wọlé ọkọ. Ó wẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ náà ń yọ̀. Ó fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, ó ń yọ̀. Ó bu iyanrìn sí i, ó fi gbogbo agbára fọ̀ ọ́, ó sì ń yọ̀ síbẹ̀.

Ìyá Òòrẹ̀ ní, “Ọmọ mi, máa lọ. Ẹsẹ̀ yìí ò ní wọlé mi.”

Ìgbín gbójú sókè wo Òòrẹ̀. Ojú náà ti padà ṣú bíi ti tẹ́lẹ̀, kò ku ẹyọ dídán kan níbẹ̀.

Òòrẹ̀ ní, “Ojú tó o ní yìí náà ni mo fẹ́. Ta ló rán ọ níṣẹ́?” Ó ṣíjú kúrò, ó wọ ihò rẹ̀ lọ.

Ìgbín fà padà sílé. Ibi tó bá gbà ni dídán ń gbà, láti ẹnu ihò àpáta títí dé abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti ń retí ìròyìn ayọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin kan gbé agbọ̀n wọ igbó. Ó rí ìlà funfun tó ń dán nílẹ̀. Ó tọ̀ ọ́ lọ. Kò sáré, kí ló fẹ́ sáré sí? Ó ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sókè. Ìyá Ìgbín ló kọ́kọ́ he sínú agbọ̀n.

Ìdí nìyẹn tí ojú Ìgbín fi ṣú títí dòní, tó fi jẹ́ pé ipa tó ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn nìkan ló ń dán, tí àwọn tó ń ṣa ìgbín sì ń tọ dídán náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fà dé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó jí lọ sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọ̀la, kó wo ilẹ̀.