Agbádá Ẹtù Olóyèdé àti Ẹ̀rọ Ajẹgi

"Ẹnu tó ń jẹ igi kò mọ ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ ọ." Bí àgbà bá sọ ọ́ ní Abà Alájọ, ọmọdé ibẹ̀ á kàn mi orí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ mọ ẹnu tí wọ́n ń wí, àti ọwọ́ tó kù díẹ̀ kó bá a lọ?

Àwọn àgbẹ̀ kòkó Abà Alájọ ló jọ ra ẹ̀rọ kan tó ń rún ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́, kí wọ́n lè máa fi èérún rẹ̀ bo ìdí kòkó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ajẹgi ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé odindi ẹ̀ka mì, àwọn àgbà ọkùnrin ṣí fìlà. Ẹ̀rù bà wọ́n, inú wọn sì dùn.

Olóyèdé ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Ó ń pọ́n abẹ rẹ̀, ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì, àràárọ̀ ló sì ń fi gírísì pa ọ̀pá pupa tí wọ́n ń tì láti dá ẹnu rẹ̀ dúró. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ pé aṣọ tó fún mọ́ra ni kó máa wọ̀ sídìí rẹ̀. Ó gbà. Nígbà tó yá, ó ń pe ẹ̀rọ náà ní ọ̀rẹ́ òun, ó sì ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn bí àgbò tó ń sìn.

Ọjọ́ tí Baálẹ̀ ń bọ̀ wá wo Ajẹgi ni Olóyèdé gbé agbádá ẹtù baba rẹ̀ wọ̀.

"Bàbá Mosún, ṣé pẹ̀lú agbádá yìí lẹ máa bọ́ Ajẹgi?" Àrìnpé, ìyàwó rẹ̀, bi í.

"Ṣé ẹ̀wù oko ni kí n fi pàdé Baálẹ̀? Oṣù mẹ́fà ni mo ti ń fọwọ́ mi bọ́ ọ. Ó mọ̀ mí."

Àrìnpé lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá pupa.

Níṣojú Baálẹ̀, Olóyèdé ti ẹ̀ka kan sẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣóńṣó ẹ̀ka náà kọ́ apá agbádá, Ajẹgi sì gbá a mú. Olóyèdé fà á sẹ́yìn, ẹ̀rọ fà á síwájú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí.

Àrìnpé fi gbogbo ara ti ọ̀pá pupa. Ọ̀pá tó ti jẹ gírísì láàárọ̀ kò ṣagídí, ẹnu náà sì dúró. Ó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kí ìka Olóyèdé wọlé.

Lórí òkìtì èérún igi, òwú aláró fọ́n káàkiri, aṣọ tí baba Olóyèdé fi gbéyàwó. Baálẹ̀ wò ó títí.

"Olóyèdé," ó ní, "ẹnu tó ń jẹ igi kò mọ ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà, kí Olóyèdé tó pọ́n abẹ, á pa ẹ̀rọ, á yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kó má baà ṣèèṣì tan, á dúró títí ohùn rẹ̀ á fi kú pátápátá, á sì bọ́ òrùka rẹ̀ fún Àrìnpé mú. Nígbà tí ojú ẹnìkan bá ti mọ ohun eléwu débi pé kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe iná, ìbáà ṣe odò, ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún un. Olóyèdé fúnra rẹ̀ ti dàgbà báyìí. Bó bá fẹ́ pa òwe náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló kọ́kọ́ ń gbé sókè.