Omi Tútù Tí Ehoro Fi Ṣe Ẹja Lálejò

Àlọ́ o!

"Àlọ̀."

Ṣé ẹ̀ ń sùn ni? Ẹ dáhùn bí ẹni tó jẹun alẹ́. Àlọ́ o!

"Àlọ̀ o!"

Ẹ̀hẹ̀n! Àlọ́ mi já jùà, kò balẹ̀ síbì kankan àfi inú ìkòkò omi Ehoro.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Odò gbẹ títí ó fi ku ẹrọ̀fọ̀. Àrọ̀, ẹja onírùngbọ̀n, bí ọmọ méje síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lè ri ara mọ́ ẹrọ̀fọ̀ títí òjò yóò fi dé. Àwọn ọmọ ò lè ṣe é. Ó bá ké sí Ehoro, tó ní ìkòkò ńlá kan lẹ́yìnkùlé.

"Ehoro, jọ̀wọ́, bá mi tọ́jú wọn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, n óò wá gba ọmọ mi."

"Má mikàn, ìyá wọn. Ọmọ rẹ, ọmọ mi ni."

Ehoro kọ́kọ́ gbé mẹ́ta, ó fi igbá omi odò gbé wọn. Ó pàdé Ológbò lọ́nà. Ẹ mọ Ológbò. Kì í dédé bá èèyàn rìn.

"Ehoro, àlejò lo gbé yẹn? Báwo lo ṣe fẹ́ gbà wọ́n?"

"N óò dà wọ́n sínú ìkòkò ni."

"Háà! Ìkòkò tí ewé ti hù lára ẹ̀? Ojú ò tì ọ́? Bí àlejò bá wọlé, kí la máa ń fún un? Ṣebí omi tútù ni, kí oúnjẹ tó tẹ̀lé e. Fọ ìkòkò yẹn kó funfun. Pọn omi kànga tútù sí i. Kí o sì bọ́ wọn yó dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ehoro létí. Ta ni yóò ní ká má fún àlejò lómi tútù? Ó fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú bó ìkòkò. Ó pọn omi kànga, ó da ẹja sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rún àkàrà lé wọn lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti léfòó, ikùn wọn wà lókè.

Ehoro bú sẹ́kún. Ológbò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló ránṣẹ́ pè é?

"Pẹ̀lẹ́ o, Ehoro. Gbé wọn wá, n óò bá ọ sin wọ́n." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, itọ́ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó padà wá. "Lọ kó mẹ́rin tó kù. Omi àná ni kò tutù tó. Àkàrà yẹn náà ò pọ̀."

Ehoro gbóòórùn kan lára rẹ̀. Ẹni tó lọ sìnkú láàárọ̀, kí ló dé tó ń run èéfín àti ata?

"Níbo lo sin wọ́n sí?"

"Ìdí àràbà."

Ehoro mọ ilẹ̀ gbẹ́, ṣé ẹ mọ̀? Ó gbẹ́ ìdí àràbà yíká. Kò rí egungun kan ṣoṣo. Ara fu ú.

Ó lọ bá Ọ̀pọ̀lọ́, tó ń gbé inú àmù àtijọ́ kan lẹ́yìn ọgbà, létí ọ̀nà odò.

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Ológbò sọ fún ọ," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí.

"O gbọ́, o ò sì sọ nǹkan kan?"

"O ò bi mí."

Ẹ ò rí i? Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn náà, ẹ má fọkàn tán an! Ṣùgbọ́n ó mọ̀ nípa omi.

"Àlejò mìíràn ń mu omi," ó ní. "Inú omi ni ẹja ń gbé. Omi kànga yẹn ta á lára lójijì. Lo àmù mi yìí. Omi inú ẹ̀ ti pẹ́, má sì fọ ewé ara ẹ̀ dànù. Kọ́kọ́ gbé igbá ẹja léfòó lórí omi náà. Kí o máa bu omi àmù sínú igbá, kékeré, kékeré. Má fún wọn lóúnjẹ lónìí. Fi ewé bò wọ́n, kí o kúrò níbẹ̀."

Ehoro kó mẹ́rin tó kù wá. Ó ń bu omi, ó ń kọrin. Ẹ gbè é!

Ẹja àlejò, rọra wọlé,
*Díẹ̀díẹ̀.*
Omi ilé kì í ṣomi odò,
*Díẹ̀díẹ̀.*
Ìkánjú ò sọ àlejò donílé,
*Díẹ̀díẹ̀.*

Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ kẹta, wọn ò kú. Ológbò ń yọjú láràárọ̀. "Ṣé wọ́n ṣì wà?" Irú ìkíni wo nìyẹn!

Ehoro àti Ọ̀pọ̀lọ́ bá lọ bẹ Òjìjì nínú ẹrọ̀fọ̀. Òjìjì lẹja tí ń gbọn ẹni tó bá fọwọ́ kàn án jìgìjìgì. Wọ́n ṣan ìkòkò ńlá, wọ́n da omi ẹrọ̀fọ̀ sí i, wọ́n gbé Òjìjì sínú rẹ̀, wọ́n fi ewé bo ojú rẹ̀. Ni Ehoro bá figbe ta.

"Mo gbé o! Wọ́n ti kú tán!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí Ológbò fi dé, tòun ti apẹ̀rẹ̀. Ata wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Ata wo ni wọ́n fi ń sìnkú?

"Ojú mi ò gbà á," ni Ehoro wí. "Fọwọ́ ara rẹ kó wọn."

Ológbò ki ọwọ́ bọ ìkòkò títí dé apá. Jìgì! Ara rẹ̀ gan. Irun rẹ̀ dìde.

"Yéè! Èmi ni mo jẹ wọ́n! Mo mọ̀ pé omi tútù á pa wọ́n! Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo ẹranko àdúgbò ló gbọ́ ọ. Nígbà tí Òjìjì fi í sílẹ̀, ó sá wọgbó. Títí dòní, bí ẹsẹ̀ ológbò bá kan omi, á gbọ̀n ọ́n nù kíá.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àrọ̀ jáde nínú ẹrọ̀fọ̀, Ehoro gbé igbá dé etídò. Àrọ̀ wo inú igbá, ó tún un wò.

"Mẹ́ta dà?"

Ehoro kúnlẹ̀ nínú omi. "Ìyá wọn, mo fọ̀rọ̀ ọmọ rẹ lọ ẹni tó fẹ́ jẹ wọ́n."

Àrọ̀ kò bú u. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó mẹ́rin, ó wọ inú odò lọ, Ehoro sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ tó ń sunkún.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ẹnìkan bá ń gbà yín nímọ̀ràn lórí ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí inú rere yín ṣáájú ìmọ̀ yín, torí òun ló pa ọmọ Àrọ̀ mẹ́ta kí Ológbò tó jẹ wọ́n.